Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ti mẹ̀kúnnù ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń tu ọba nínú ni pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ sì ni. Bí ààfin bá jó lónìí, àwọn ìjòyè yóò dá owó jọ, ọmọ ìlú tó wà nílé àti lẹ́yìn odi yóò dá tiwọn, ìjọba náà yóò dá sí i. Kí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn tó dé, páànù tuntun yóò ti máa dán gbinrin lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ilé àgbẹ̀ tó jó lọ́sàn-án ọjọ́ Kérésìmesì? Ta ni yóò san owó kòkó tó fi pamọ́ sínú àpótí padà fún un? Ta ni yóò bá a wá ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ta ni yóò sì jí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wá bá a ṣọdún dìde? Ilé mẹ̀kúnnù tó jó, kò sí ẹwà tó ń bù sí i. Gbèsè àti ọ̀fọ̀ ló máa ń kù síbẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ iná di sísọ nígbà tí ọdún bá ń kan ilẹ̀kùn, kì í ṣe ìgbà tí eérú bá ti tutù. Àsìkò tí ọdún Kérésìmesì àti ọdún tuntun máa ń bọ́ sí ní ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo nǹkan ló ti gbẹ. Ọyẹ́ ń fẹ́, koríko ẹ̀yìnkùlé ti di ìṣẹ́pẹ́, igi òrùlé ti gbẹ gan-an, omi kànga sì ń lọ sílẹ̀. Ìgbà yìí náà ni àwọn ọmọ máa ń dé láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti Àbújá, àwọn mìíràn láti Ìlú Ọba pàápàá. Ilé tí bàbá àti ìyá nìkan ń gbé láti ọdún dé ọdún á wá gba èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ààrò kan á di mẹ́ta. Jẹnẹrétọ̀ tó ti ń sùn láti Iléyá á jí. Fóònù mẹ́wàá á fẹ́ gba iná lójú ihò kan. Ní kúkúrú, gbogbo ohun tó ń dá iná sílẹ̀ á pọ̀ sí i, gbogbo ohun tó ń pa iná á sì dín kù. Ohun tó ń bí iná ọdún nìyẹn, kò sí ọwọ́ àjẹ́ níbẹ̀.

Àṣà kan wà tó ti wọ àwọn èèyàn lára. Bí ilé bá ti jó, wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni, tàbí kí wọ́n ní àwọn ọ̀tá ilé bàbá ló rán an wá, nítorí wọn kò fẹ́ kí onílé rí ọdún tuntun. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá lè sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọmọlúàbí tí yóò bá a jiyàn lójú ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run bá mú wá, kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Ohun tí ọ̀tá bá rán wá, àdúrà ni wọ́n máa ń gbà sí i. Nígbà tí wọ́n bá gbàdúrà tán, kẹ́ẹ̀gì epo á ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wáyà tó ti bó á ṣì wà lára ògiri, ilé kejì á sì máa dúró de Kérésìmesì tó ń bọ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí gbogbo rẹ̀ bọ́ sí àárín ọjọ́ mẹ́ta tó yí Kérésìmesì ká. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 2006, ní Abúlé-Ẹ̀gbá, nílùú Èkó, àwọn olè ti lu ọ̀pá epo lóru, àwọn ará àdúgbò sì rọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti báàfù láti gbọ́n bẹntiróòlù. Iná sọ, èèyàn tó lé ní 200 ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 2012, ilé kan tí wọ́n kó bánga àti nọ́káòtù pamọ́ sí ní agbègbè Jáńkárà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bú gbàù. Iná ràn mọ́ àwọn ilé tó yí i ká, ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ èèyàn sì farapa. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 2015, nílùú Nnewi ní ìpínlẹ̀ Anambra, iná sọ níbi tí wọ́n ti ń ta gáàsì ìdáná, lásìkò tí àwọn èèyàn tò láti ra gáàsì tí wọ́n fẹ́ fi se oúnjẹ ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà sílé.

Bẹntiróòlù, bánga, gáàsì. Kò sí èyí tó jẹ́ àjèjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun kan náà ni àwọn èèyàn ń gbé wọ ilé wọn lọ́dọọdún, ìwọ̀n rẹ̀ ló kàn kéré. Kékeré náà sì kọ́ ni iná ń bẹ̀rù.

Ti bẹntiróòlù ló burú jù, òun ló sì yẹ kí baálé ilé kọ́kọ́ mójú tó. Bó ṣe di ohun tó ń gbé inú yàrá kò ṣòroó mọ̀. Lọ́pọ̀ ọdún, bí Kérésìmesì bá ti ku díẹ̀ ni epo máa ń wọ́n. Ẹni tó bá rántí òpin ọdún 2017 àti ti 2022 yóò rántí bí ọkọ̀ ṣe tò lọ rẹrẹ nílé epo, tí àwọn ọlọ́kadà ń sùn sórí ìlà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, bẹntiróòlù wá gbówó lórí, ó di ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ bí owó. Ẹni tó bá ní kẹ́ẹ̀gì kan kì í fẹ́ kó sùn síta, kí olè má bàa gbé e. Ni wọ́n bá ń gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sẹ́yìn ilẹ̀kùn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, tàbí sójú ọ̀nà àbájáde gan-an.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé omi epo yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń gbaná, ooru tó ń jáde lára rẹ̀ ni. Ooru náà kò ṣeé fojú rí. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń fà bí ejò, títí yóò fi dé ibi tí iná wà. Ó lè jẹ́ àbẹ́là, ó lè jẹ́ sìgá, ó lè jẹ́ oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n tan sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì lè jẹ́ iná bíńtín tó ń ta pàrà nínú súìṣì nígbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Bí iná bá ti gbá a mú, á tẹ̀lé e padà dénú kẹ́ẹ̀gì kí onílé tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gbé epo sí yàrá, tó ní òun kì í dáná níbẹ̀, kò tíì bọ́. Kò di ìgbà tí iná bá wá bá epo. Epo ni yóò lọ bá iná níbi tó wà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Ọ̀dọ́ tó ń wo bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kì í fẹ́ kí iná kú. Bí epo bá ti fẹ́ tán, á ní kí àbúrò òun tan iná fóònù sí i, á sì máa da epo sínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí páìpù èéfín rẹ̀ ti gbóná. Ìkán epo kan ṣoṣo lórí páìpù náà ti tó. Ṣe ni kí wọ́n pa á, kí wọ́n jẹ́ kó tutù dáadáa kí wọ́n tó ṣí ìdérí rẹ̀. Kí jẹnẹrétọ̀ má sì gbé inú ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé, torí pé èéfín rẹ̀ máa ń pa èèyàn lójú oorun láìsí pé iná sọ rárá.

Àwọn ìyá àgbà tó ṣì ń lo àtùpà àti sítóòfù náà ní ìpín tiwọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kẹrosíìnì tí wọ́n bá rọ sínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ra bẹntiróòlù tẹ́lẹ̀, kì í ṣe kẹrosíìnì mọ́. Ìwọ̀nba bẹntiróòlù tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ rẹ̀ lè sọ àtùpà di àdó olóró. Kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ dá wà, kó ní àmì tí tọmọdé tàgbà mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì rọ epo sínú àtùpà tàbí sítóòfù tó ń jó lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni kí èèyàn ṣe nígbà tí iná mànàmáná kò sí. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ṣọdún nínú òkùnkùn. Ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀, kó ra ìwọ̀n tí yóò lò lálẹ́ ọjọ́ náà, kó sì dà á sínú ẹ̀rọ tán. Bó bá di dandan kí díẹ̀ ṣẹ́kù, kó wà nínú ohun tí ìdérí rẹ̀ le, kó wà níta lábẹ́ ìbòòji, kó jìnnà sí ààrò, sí ẹnu ọ̀nà àti sí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Bí olè bá gbé e, owó lásán ló lọ. Olè tó gbé epo kò gbé ilé. Àtùpà oníbátìrì tó ń gba iná oòrùn náà ti wà lọ́jà káàkiri báyìí, èyí tó kéré níbẹ̀ sì tó láti tan iná sí yàrá bàbá àgbà láti alẹ́ mọ́jú. Ọmọ tó bá fẹ́ ra ẹ̀bùn ọdún kò ní ṣàṣìṣe bó bá ra ọ̀kan.

Ti gáàsì ìdáná ló kàn. Gáàsì ti wọ ìgbèríko nítorí pé kẹrosíìnì wọ́n, ohun rere sì ni, nítorí kì í ní èéfín, kì í sì í jẹ́ kí ojú ìyá àgbà máa ta. Àmọ́ bó ṣe ń wọlé ló ń fa wàhálà. Ọmọ á ra sílíńdà tuntun wálé ní Kérésìmesì, á tan án lẹ́ẹ̀kan lójú ìyá rẹ̀, ó di Èkó. Ìyá tó ti ń fi igi dáná láti àádọ́ta ọdún kò mọ̀ ju pé wọ́n ń yí nǹkan kan, wọ́n sì ń ṣáná sí i. Ẹ̀bùn tí wọn kò bá kọ́ni ní ìlò rẹ̀, ẹ̀bùn àbọ̀ ni.

Ohun tó yẹ kí ọmọ kọ́ ìyá rẹ̀ kó tó lọ kò pọ̀. Kó ṣáná ná, kó tó yí gáàsì sílẹ̀, kì í ṣe kó yí i sílẹ̀ tán kó tó máa wá ìṣáná. Kó ti ẹnu sílíńdà pa lẹ́yìn tó bá dáná tán, kì í ṣe ti sítóòfù nìkan. Kó fi ìfófòó ọṣẹ sí ojú ibi tí rọ́bà ti so mọ́ sílíńdà. Bí ó bá ń hó pùtùpùtù, gáàsì ń jò nìyẹn. Wọn kì í fi ìṣáná wò ó láéláé. Gáàsì gan-an kò ní òórùn. Àwọn tó ń pèsè rẹ̀ ló fi òórùn burúkú bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́ sí i, kó lè máa ké sí onílé. Bí òórùn náà bá gba ilé kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná, kí ẹnikẹ́ni má tan iná mànàmáná, kí wọ́n má sì pa èyí tó wà ní títàn, nítorí iná tó ń ta nínú súìṣì ti tó láti fa ìjàǹbá. Kí wọ́n ti ẹnu sílíńdà, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, kí gbogbo èèyàn sì jáde títí òórùn yóò fi lọ tán.

Ilé ìdáná ọdún fúnra rẹ̀ tún gba àfiyèsí. Wọ́n ń dín ẹran, wọ́n ń dín àkàrà, òróró kún inú agbada, ẹni tó ń dín in sì ti yà síta láti kí àlejò. Bí òróró bá gbaná, ohun tó máa ń sọ sí àwọn èèyàn lọ́kàn ni láti bu omi lù ú. Omi yẹn ló ń jó ilé. Omi wúwo ju òróró lọ, á rì sábẹ́ rẹ̀, á hó lójú ẹsẹ̀, á sì fọ́n òróró tó ń jó sókè dé àjà. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n pa iná abẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá lè débẹ̀, kí wọ́n fi ọmọrí tó tóbi tàbí aṣọ tó nípọn, tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n sì fún, bò ó, kí wọ́n má gbé e kúrò lójú kan, kí wọ́n má sì tètè ṣí i.

Àwọn tó ń fi igi dáná níta, kí wọ́n wo ìhà tí ọyẹ́ ń fẹ́ sí kí wọ́n tó to ààrò. Kó jìnnà sí ògiri pákó, sí abà, àti sí ibi tí wọ́n to igi gbígbẹ sí. Yorùbá ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Lásìkò ọyẹ́, iná tí kò tíì kú náà máa ń fi eérú bojú. Òkè á funfun, ẹyín iná á wà nísàlẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, atẹ́gùn òru kan ṣoṣo á sì tú u síta. Kí wọ́n da omi sí i kí wọ́n tó lọ sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni lásìkò Iléyá, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń wọ́n bẹntiróòlù sígi tí wọ́n fẹ́ fi yan orí àgbò. Igi gbígbẹ kò nílò bẹntiróòlù.

Ní ti iná mànàmáná, láti oṣù Kọkànlá, ọdún 2013 ló ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń pín in, àmọ́ NEPA ni àwọn èèyàn ṣì ń pè é, ìwà rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Á lọ nígbà tí wọ́n ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, wọ́n á gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ sórí aṣọ, wọ́n á jáde lọ. Á dé pẹ̀lú agbára ńlá nígbà tí kò sí ẹnì kankan nílé. Bí iná bá ti lọ, kí wọ́n yọ gbogbo ohun tó ń lo iná kúrò lójú ihò, kí wọ́n fi gílóòbù kan ṣoṣo sílẹ̀ láti fi mọ̀ pé ó ti dé. Wáyà tínínrín tí wọ́n so fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, àti iná wínníwínní Kérésìmesì mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà á gbóná kọjá ààlà, rọ́bà ara rẹ̀ á yọ́, aṣọ ojú fèrèsé á sì gbaná. Fóònù tó ń gba iná kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ tó ti sùn.

Ọ̀rọ̀ bánga kò gba àlàyé púpọ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn ọlọ́pàá ń kéde pé kí wọ́n má yìn ín, lọ́dọọdún ni àwọn òbí kan sì ń fún ọmọ wọn lówó láti rà á. Ní ìgbèríko, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni iná tí àwọn ọdẹ àti ọ̀dọ́ ń sọ sígbó láti lé ọ̀yà àti òkété jáde fún ọbẹ̀ ọdún. Ẹran méjì ni wọ́n ń wá, oko kòkó odindi ìdílé ló ń jóná, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò sì gbà kí kòkó mìíràn tó so níbẹ̀. Ó yẹ kí baálẹ̀ àti olórí ọdẹ fi òfin dè é láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá rú u.

Ohun kan tún wà tí kì í dá iná sílẹ̀, ṣùgbọ́n tó ń pa èèyàn nínú iná. Òun ni ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Nítorí olè, irin ti wà lójú gbogbo fèrèsé, ilẹ̀kùn irin ti wà níwájú, àgádágodo sì wà lẹ́yìn. Onílé mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú òkùnkùn, àlejò tó sùn sí pálọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Èyí tó burú jù ni ti àwọn òbí tó ń ti ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́lé pẹ̀lú àbẹ́là, tí wọ́n sì gba àìsùn ọdún tuntun lọ. Kò sí àdúrà tí wọ́n fẹ́ lọ gbà níbẹ̀ tó ju ẹ̀mí àwọn ọmọ náà lọ. Kí wọ́n kó wọn dání, tàbí kí àgbàlagbà kan dúró tì wọ́n. Kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lórí ìṣó kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí gbogbo àlejò mọ̀ ọ́n láti alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dé.

Bí iná bá ti sọ, èèyàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó jáde, kì í ṣe ẹrù. Kí wọ́n pariwo, kí wọ́n ká èèyàn mọ́ra, kí wọ́n sì kà wọ́n. Ẹni tí èéfín bá ká mọ́, kó rá kòrò, nítorí afẹ́fẹ́ tó dára máa ń wà nítòsí ilẹ̀. Ẹni tí aṣọ bá ń jó lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sáré. Ilẹ̀ ni kó dùbúlẹ̀ sí, kó máa yí gbirigbiri. Yanrìn ni wọ́n ń dà sí iná bẹntiróòlù, kì í ṣe omi. Kí wọ́n má da omi sí ohun tó ń lo iná mànàmáná láìjẹ́ pé wọ́n ti pa iná náà ní orísun. Ẹni tó bá sì jáde, kó má padà wọlé lọ mú fóònù tàbí àpò owó. Nọ́ńbà 112 wà tí wọ́n lè pè lọ́fẹ̀ẹ́, 767 náà sì wà fún àwọn tó wà l'Ékòó.

Bí iná bá jó èèyàn lára, omi tútù tó mọ́ ni kí wọ́n máa dà sójú ibẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n fi aṣọ tó mọ́ bò ó fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹyin tútù, epo pupa, ògì, ọṣẹ ìfọyín àti òógùn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń fi ra á, ṣe ni wọ́n ń há ooru mọ́ inú ẹran ara, wọ́n sì ń jẹ́ kí egbò kẹ̀.

Ìjọba kò bọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Ilé iṣẹ́ panápaná kò sí nítòsí ọ̀pọ̀ ìlú kékeré, abúlé ò tilẹ̀ mọ bí ọkọ̀ wọn ṣe rí. Kí ọkọ̀ náà tó ti ìlú ńlá dé, ilé ti di eérú, àwọn ará àdúgbò tínú ń bí á sì máa sọ òkò lu àwọn òṣìṣẹ́ tó wá ṣèrànwọ́. Òkò kò tíì pa iná rí. Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kí wọ́n bi léèrè ohun tí wọ́n ń fi owó ìbílẹ̀ ṣe tí ìlú kò fi ní ọkọ̀ panápaná kan. Àmọ́ àwọn ará ìlú náà, kí wọ́n yé fi àtíbàbà dí ojú títì pa nítorí ayẹyẹ, torí ibẹ̀ kan náà ni panápaná yóò gbà. Títí ìjọba yóò fi ṣe tirẹ̀, kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní dírọ́ọ̀mù omi kan tí wọn kò ní fi fọṣọ, kí wọ́n sì ní garawa yanrìn méjì lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí èyí tó kọjá agbára wọn.

Gbogbo èyí wá dọwọ́ àwọn àgbà ilé. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n láyé òde òní, ọ̀pọ̀ àgbà ló ń wà nílé tí wọ́n ń wo orí tó wọ́, tí wọn kò sì lè sọ̀rọ̀, nítorí ọmọ tó ti ìlú ńlá dé ló ra ìrẹsì, òun ló ra adìyẹ, òun náà ló gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Bàbá ń wo kẹ́ẹ̀gì epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bẹ̀rù kí ọmọ má sọ pé bàbá ò mọ nǹkan kan. Ìtìjú yẹn ti sun ilé rí, yóò sì tún sun òmíràn. Ọmọ tó ra jẹnẹrétọ̀ kò ra àṣẹ ilé mọ́ ọn. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí gbogbo wọn bá pé, kí baálé tàbí ìyáálé pè wọ́n jọ lẹ́yìn oúnjẹ, kó fi kọ́kọ́rọ́ hàn wọ́n, kó fi yanrìn hàn wọ́n, kó sì sọ ibi tí epo yóò máa sùn fún wọn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kò ní bínú sí i.

Àdúrà tó máa ń wà lẹ́nu gbogbo èèyàn lásìkò yìí ni àṣèyí ṣàmọ́dún. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àmọ́dún, ó ní láti ní ilé tí yóò ti ṣe é, kó sì ní àwọn tí yóò bá a ṣe é. Kó tó ṣe àmín, kó kọ́kọ́ lọ gbé kẹ́ẹ̀gì epo náà síta.